Ìlú Tó Gba Bàbá Àgbà Lọ́wọ́ Wa

Bàbá àgbà mi ń sùn ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ní Houston, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré sí ilé wa ní Stafford. Gbogbo ènìyàn ló ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ní kí a gbé wọn sí. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n fẹ́ fún mi, wọ́n sọ ọ́ kedere, mo sì pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi da iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Owú ló fà á. Mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é.

Ìlú kan ni mo ń bá jowú. Tarrow ni orúkọ rẹ̀, ìlú kékeré kan ní apá àríwá, ìrìn wákàtí mẹ́ta láti Houston bí freeway bá já gaara. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló wà níbẹ̀, rélùwéè kan, àti òpópónà kan tó ní ilé ìtàwé, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń din ẹyin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá àgbà lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n níbẹ̀. Wọn kì í pè é ní Tarrow. "Ìlú" ni wọ́n ń pè é. Houston yìí, tí ènìyàn lè wakọ̀ nínú rẹ̀ fún wákàtí kan kó má tíì jáde, "ibí" ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ojú ọjọ́ Tarrow ni wọ́n ń wò lórí fóònù wọn láràárọ̀. Nígbà tí omi yalé wa, tí a gbé kápẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì jáde síwájú ilé, wọ́n jókòó sórí àga oníke láàárín ẹrù tó ń kán tótó, wọ́n ń ṣàlàyé fún wa pé orí òkè ni wọ́n tẹ Ìlú dó sí. Wọ́n ní, "Àwọn tó tẹ Ìlú dó ronú kí wọ́n tó ṣe é."

Ìwé ni wọ́n wá kà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti irúgbìn. Nígbà tí wọ́n parí, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gbà wọ́n síṣẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú igi àti ọgbà, títí wọ́n fi di olórí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá àgbà ní tiwọn, Houston ni iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọsibítù ńlá sílẹ̀ kí àwọn máa lọ di ọgbẹ́ fún ọmọ tó já lórí kẹ̀kẹ́. Torí náà, inú apartment kan ní Gulfton ni bàbá mi dàgbà sí, Bàbá àgbà sì ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń dé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń lọ, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì tí wọ́n kó padà wá bá Ìyá àgbà. Ìyá àgbà máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Orogún àwọn ẹlòmíì ń di irun. Orogún tèmi, rélùwéè ló gba àárín orí rẹ̀ kọjá." Bàbá àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Orogún rẹ ń kí ọ."

Kò sí ẹni tó wọlé wa tí kò gbọ́ ìtàn Tarrow, títí kan ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Wọ́n á ní kò sí odò níbẹ̀, kò sí epo, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró mu omi lásán ni. Ìlú tó wà nítòsí rẹ̀ bá a du kóòtù, ìyẹn sì borí. Bàbá olówó kan tó ń ra òwú, tí kò bímọ, fi ìbínú dìde, ó ní bí àwọn wọ̀nyẹn bá gba adájọ́, àwa á gba ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá àgbà fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà gan-an. Ojú mi ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá dé ibẹ̀, torí wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Ìlara ló kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Má fojú di ìlara, ó mọ ilé kọ́."

Ìtàn náà ní apá kan tí wọn kì í fi ṣe ẹ̀rín. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní òdìkejì rélùwéè ló mọ bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó di ayé àwọn ọmọ-ọmọ wọn kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọ ilé náà láti kàwé. Lára àwọn bíríkì yẹn, àmì ìka ẹni tó mọ wọ́n ṣì wà. Bàbá àgbà mọ ibi tí wọ́n wà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti Nàìjíríà dé, wọ́n á lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́. Wọ́n á bá a gbé àpò, wọ́n á mú un lọ síbi ògiri náà kó tó jẹun, kó tó sùn, wọ́n á ní kó ti ìka rẹ̀ bọ inú àmì náà. "Kí o tó máa kígbe pé o ti dé Amẹ́ríkà, mọ ẹni tó kọ́lé tí o fẹ́ wọ̀."

Wọ́n ní oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ará Ìlú fi ń ráhùn nípa ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oṣù mẹ́ta yòókù ni wọ́n fi ń bi ara wọn pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti padé, onígbàjámọ̀ á ti ṣọ́ọ̀bù lọ pẹja, ajá á sùn sáàárín títì. Bàbá àgbà ní, "Ìlú tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ kì í mọ̀ pé òun fẹ́ràn wọn àfi tí wọ́n bá lọ." Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Àwa náà wà ní Houston, à ń lọ, à ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ nípa wa.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sùn ní yàrá àlejò wọn rí ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n mọ ìlú bàbá rẹ̀, tí wọ́n mọ oúnjẹ tí kì í bá a lára mu. Èmi, ọmọ-ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbàgbé ọjọ́ ìbí mi léraléra. Tó bá di ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, fóònù wọn kì í sinmi. Ẹni tó ti di dókítà eyín ń pè, ẹni tó ti di agbẹjọ́rò ń pè, gbogbo wọn ló ń kígbe Bàbá, Bàbá. Èmi á jókòó tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wọn tó ti ń tutù lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá àgbà, ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní bàbá tiwọn nílé ni?"

Wọ́n ní, "Wọ́n ní. Bàbá wọn jìnnà sí wọn ni."

Daddy ń bọ̀ láti kíṣìnì nígbà náà. Ó gbọ́ ọ, ó sì padà síbi tó ti ń bọ̀.

A jà lẹ́ẹ̀kan, èmi àti Bàbá àgbà, a jà dáadáa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tarrow gbà mí wọlé. Wọ́n fi lẹ́tà náà hàn gbogbo mọ́sálásí, wọ́n ti ń sọ yàrá tí mo máa gbé àti igi tó wà lójú fèrèsé rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Mo mú yunifásítì kan ní Third Ward, nínú Houston níbí, ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè láti òwúrọ̀, mo sì sọ fún wọn pé mi ò ní lọ gbé ilé orogún Ìyá àgbà mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" tí mo kí wọn àti "o ò jí" tí wọ́n dá mi lóhùn. Nígbà tí wọ́n wá la ẹnu, ohùn wọn kò le rárá. "O ò fẹ́ mọ ibi tí mo wà nígbà tí mi ò sí lọ́dọ̀ yín." 

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó jẹ́ tèmi nìkan, ìyẹn ni oríkì mi. Ràlíátù ni mí ní school, Ràlí ni mí nílé, ṣùgbọ́n Bàbá àgbà nìkan ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Tí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn, mo máa ń dárí gbogbo Tarrow jì wọ́n fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí Ìyá àgbà kú, tí Bàbá àgbà kó wá sọ́dọ̀ wa ní Stafford, èmi ni mo ń bá wọn to ẹrù. Mo rí fọ́tò kan nínú ìwé wọn: ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù, tó fi ọwọ́ ti ṣọ́bìrì, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kékeré kan. Mo yí i padà. Ọwọ́ Bàbá àgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn pé: Àṣàkẹ́ àti igi rẹ̀. Fọ́tò náà ti wà kí wọ́n tó bí mi.

"Ta nìyí?"

"Sẹ̀kínátù. Òun ni Àṣàkẹ́ àkọ́kọ́."

"Èmi ńkọ́?"

Wọ́n gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ẹ̀wù wọn nù ún. "Ìwọ lo jẹ́ kí n tún lè pe orúkọ náà." Ẹlòmíràn á gbọ́ ìfẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Òkìríkà ni èmi gbọ́.

Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Sẹ̀kínátù, ọdún méjì ló fi gbé yàrá àlejò wọn, ó sì máa ń bá wọn gbin igi ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn kò bá wá sí Houston. Ikọ́ fée ló pa á láàárín ìdajì ọjọ́. Ìyá rẹ̀ kò lágbára àtigbé òkú wálé, ó sì bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n má gbé ọmọ òun kiri, kí wọ́n sin ín sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí kankan kò tíì sùn ní itẹ́ ìlú Tarrow rí. Bàbá àgbà wọ aṣọ iṣẹ́ lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ìgbìmọ̀ ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n ìlà ni àwọn fi ń sin òkú, ibì kan náà ni gbogbo sàréè kọjú sí, èyí tó bá kọjú sí Mẹ́kà máa dábùú ìlà. Bàbá àgbà kò bá wọn jiyàn. Wọ́n bi wọ́n pé ta ló gbin àwọn igi tó wà ní itẹ́ náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Bàbá àgbà ni. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú òkú yín, mi ò bèèrè ìlà rí. Igun kan ni mo ń tọrọ, lẹ́bàá fẹ́ǹsì, níbi tí gbòǹgbò igi mi kò jẹ́ kí ìlà yín dé." Wọ́n dúró síbẹ̀ títí ìgbìmọ̀ fi fọwọ́ sí i: igun kan, àyè sàréè méjì.

Ó wá ku wíwẹ̀. Ọkùnrin kì í wẹ òkú obìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀, kò sì sí obìnrin Mùsùlùmí kan ní Tarrow tó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbà pe Houston. Ìyá àgbà, tó ti búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ilé orogún àwọn láéláé, kó aṣọ funfun, òwú àti lọ́fínńdà sínú mọ́tò, wọ́n wakọ̀ wákàtí mẹ́ta láìdúró. Wọ́n wẹ ọmọ náà, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n sì padà sí Gulfton lọ́jọ́ kan náà. Wọn ò bu omi mu ní Tarrow. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún Bàbá àgbà kí wọ́n tó wọ mọ́tò ni pé, "Ọ̀rọ̀ orogún lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́tọ̀."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá Sẹ̀kínátù bèèrè ohun kan lórí fóònù: ta ni yóò máa bá ọmọ òun sùn níbẹ̀? Bàbá àgbà ní, "Èmi ni."

Ọmọbìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí mi ni mo ń bá jowú nínú yàrá yẹn. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ń jowú náà lọ ni.

Ní ọdún tó kọjá, mò ń fi mọ́tò gbé wọn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà, a wà lórí freeway, ni wọ́n bá sọ ọ́. "Àṣàkẹ́, tí mo bá kú, Ìlú ni kí ẹ gbé mi lọ. Àyè mi ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá àgbà, please, ẹ má sọ irú ẹ̀ fún mi, I'm driving."

"Ibí ló dáa jù. Nílé, o máa dìde lọ ni. Níbí, o ti de bẹ́líìtì."

"Ìyá àgbà wá ńkọ́? Àyè yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

"Ìyá àgbà rẹ mọ̀. Òun gan-an ló ní mi ò gbọdọ̀ yẹ àdéhùn."

"Ṣé Daddy mọ̀?"

Wọ́n wo títì. "Ìwọ ni mo ń sọ fún."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí, a kì í fi òkú pamọ́. Àwọn ará mọ́sálásí ní kí a wẹ̀ wọ́n kíá, kí wọ́n kírun sí wọn lára lẹ́yìn Jímọ̀, kí gbogbo ènìyàn lè tẹ̀ lé wọn lọ. Lèmọ́mù bi wá nínú pálọ̀ pé, "Ṣé Bàbá fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ nípa ibi tí wọ́n fẹ́?" Daddy ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi ni." Lèmọ́mù wo èmi náà. Wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ìbéèrè yẹn àti ìrun Jímọ̀, mo sì lè sọ̀rọ̀ ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Mo bá wọn wá àwo, mo bá wọn to bàtà, mo bá wọn pe ènìyàn lórí fóònù. Ohun tí mò ń rò lọ́kàn mi ni pé: Bàbá àgbà, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ fi wà lọ́dọ̀ wọn, ìyókù tiwa ni.

A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ nínú gbọ̀ngán kan ní Stafford. Àwọn ọmọ Tarrow dé láti ibi gbogbo, àwọn ọkùnrin onírungbọ̀n tó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn kan sunkún jù mí lọ, èyí náà sì bí mi nínú. Miss Loretta wà láàárín wọn, arábìnrin àgbàlagbà kan, akọ̀wé ní gbọ̀ngán ìlú Tarrow. Bàbá bàbá wọn wà lára àwọn tó mọ bíríkì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń rọra sọ ọ́ ní ohùn àwọn ará ibẹ̀ pé, bí àwọn ṣe gbọ́ ìròyìn náà ní àárọ̀ Jímọ̀ ni àwọn ti gbẹ́ ilẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi dúró lẹ́nu fẹ́ǹsì. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò ló bà jẹ́ lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Daddy ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan. Mo ní, "Daddy, Bàbá àgbà sọ fún mi pé Tarrow ni ká sin àwọn sí. Mi ò sọ fún yín."

Ó nu sípánà, ó tún un nù. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ ibi tí wọ́n fẹ́. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Mo dìde, mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá." Ó fi sípánà sílẹ̀. "When I was small, nínú apartment yẹn, every other Sunday, mo máa ń gbé bàtà wọn pamọ́ kí wọ́n má lọ. Abẹ́ àga, inú ọ́fùnù, everywhere. They always found it. Wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á lọ. Ràlí, just this once, wọn ò rí bàtà yẹn."

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sunkún nínú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, a wakọ̀ lọ sí Tarrow. Daddy kò débẹ̀ rí. Ìlú náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì lẹ́wà, mo fẹ́ kó burú kó lè rọ̀ mí lọ́rùn. Miss Loretta mú wa lọ sí igun náà. Òkúta kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní orúkọ Sẹ̀kínátù, igi ńlá kan ṣíji bò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n tún rọ́ padà, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa. Daddy dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ló ṣẹ̀ mí. Ìyá ọmọ yìí, tí wọ́n ṣèlérí fún, ò ṣẹ̀ mí rárá." Ó bi Miss Loretta bóyá ìwé wà tí ènìyàn lè fọwọ́ sí láti gba àyè sàréè náà. Ó wà. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sí i.

 Ìlú tó gba Bàbá àgbà lọ́wọ́ wa ló tún ń gba Daddy lójú mi yìí, Daddy sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́.

Ó yí sí mi. "O ti gbọ́ báyìí. Tó bá dọjọ́ mi, níbo ni?"

Mo tẹjú mọ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa náà.

"Ràlíátù. Níbo ni?"

"Níbí ni, Daddy. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sẹ̀kínátù."

Ó ní kí n tún un sọ ní èdè Òyìnbó, kí Miss Loretta lè gbọ́, kí wọ́n sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì tún un sọ.